Ọwọ́ Tí Wọ́n Gbé Lọ Jẹun

Mo rántí ìyán kan. Ó funfun, ó ń rú èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran ìgbẹ́ sì lé téńté lórí ọbẹ̀. Àwa ọkùnrin méjì jókòó tì í, ebi ń pa wá, kò sì sí ẹni tó lè jẹ ẹ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí àwo náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́ùn. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ó sì ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ pé bí n kò bá rí nǹkan gidi dì mú, kí wọ́n gbé àdá fún mi kí n máa ṣán koríko ojú irin. Ojú irin gùn, koríko rẹ̀ kì í sì í tán. Ìdí nìyí tí mo fi sáré gba fọ́ọ̀mù nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń wá ọ̀dọ́ tí wọn yóò kọ́ níṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n máa pè wá bí a bá yege: olùrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa wẹ̀, tí yóò máa wọṣọ, tí yóò máa jẹun, títí yóò fi padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ àánú rèé, iṣẹ́ mi rèé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá wa, obìnrin gígùn kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti kọ́ iṣẹ́ náà dé òkè òkun, wá kọ òfin kìíní sójú pátákó: Ẹ má ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo rò pé ó ṣì í kọ ni. Kò ṣì í kọ. Bí aláìsàn bá ń wá ihò bọ́tìnì tí kò rí i, kí olùrànlọ́wọ́ kó ọwọ́ sẹ́yìn. Bí bàtà bá ń sá fún ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri ilẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ wọn, ó ní, ara wọn ló ń gbà lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ọ́ fún? Èmi tí wọ́n fi pàṣán kọ́ pé ọmọdé kì í wò kí àgbà máa ru ẹrù! Ọwọ́ mi kò gbọ́ òyìnbó. Bí mo bá ti rí àgbàlagbà tó ń jìjàkadì pẹ̀lú ṣòkòtò, n ó kàn rí ọwọ́ mi níbẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá ká mi mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bí o bá tún ràn wọ́n lọ́wọ́, máa lọ sílé yín.” Lójú mi, àdá ojú irin ni mo rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tún ní kí gbogbo wa fi báńdéèjì de ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àyà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí á lè mọ ohun tí ojú àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan ń rí. Ẹni tó bá tú u, òun náà ń lọ sílé. Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kí ẹ̀gbọ́n òun tó wá láti oko. Mo wọkọ̀ dé Òkè Fìà ní Òṣogbo, mo fẹsẹ̀ rìn délé, mo sì dọ̀bálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan dọ̀bálẹ̀. Imú mi ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Mo dìde, mo bu omi tútù, mo fi ọwọ́ òsì gbé e fún bàbá àgbà.

Ó wo ife, ó wò mí. “A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ wá ń fi í fún ẹ̀gbọ́n baba rẹ lómi mu!”

“Ẹ má bínú, sà. Wọ́n de ọ̀tún ni.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan, sà.”

“Ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan, lo dè mọ́ra bí ewúrẹ́ ọdún?” Ó yíjú sí bàbá mi. “Àbúrò, ilé ìwòsàn tí ọmọ yìí wà, ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀?”

Bàbá mi bi mí pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ mi gan-an. Mo ní wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń dúró wo àgbàlagbà tí nǹkan ń ni lára, láì ràn án lọ́wọ́. Ó ní, “Ìyẹn náà gba ilé-ẹ̀kọ́? Àbúrò rẹ mọ̀ ọ́n ṣe láìkàwé.”

Ìgbà tí mo padà dé ni wọ́n fi Bàbá Onífìlà lé mi lọ́wọ́. Ará Òṣogbo bíi tèmi ni, láti ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń rán fìlà kí wọ́n tó bí baba bàbá mi. Rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ká jọ bí ìgbà tí ó di nǹkan mú. Ìyàwó rẹ̀ ní í máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ojú sì ń ti bàbá débi pé ó kọ̀ láti padà sílé. Ó ní kò sí bí òun yóò ṣe jókòó láàárín àwọn àna òun kí wọ́n máa fún òun ní oúnjẹ bí ọmọ ẹyẹ. Olùyẹ̀wò yóò ti Ìbàdàn wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí bàbá bá jẹun fúnra rẹ̀ tán lójú rẹ̀, mo yege. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, mo féèlì.

Ìwé wa ní kí á kọ́ ọ láti fi òsì jẹun. Bàbá gbọ́, ó ní a‘úùsù bílláhì. “Ọwọ́ tí mo fi ń ṣan ìdí ni kí n fi jẹ ìyán? Sàítánì ló ń fi òsì jẹun.” Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó ní àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bàbá ní, “Wọ́n ní kí wọ́n máa wẹ ara wọn. Wọn ò ní kí òsì máa bá ọ̀tún jẹun.” Ọ̀gá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó jáde.

Bí a ṣe dé ìdí ìyán nìyẹn. Obìnrin tó ń dáná níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé tí kò ka nǹkan mìíràn sí oúnjẹ, gbé àwo ńlá kan fún àwa méjèèjì. Mo ní kí n jẹ kí bàbá lè wò mí kọ́. Mo na ọwọ́ òsì.

“Tú ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ọmọ yìí. N kò bá ẹni tó ń fi òsì bu òkèlè jẹun nínú àwo kan.”

“N kò lè tú u, bàbá. Òfin ni.”

“Òfin ni tèmi náà. Òfin tìrẹ ní kí ọ̀tún rẹ má ṣiṣẹ́, tèmi ní kí òsì mi má jẹun. Ó dáa náà. Jẹ́ ká jọ kú sídìí ìyán.”

A jókòó. Èéfín lọ sílẹ̀. Ojú ìyán gbẹ. Eṣinṣin kan bà lé e, ó ń jẹ tirẹ̀. Òun nìkan ni kò ní òfin. Nígbà tó pẹ́, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bọ́ sí i, a rín in títí omi fi bọ́ lójú wa. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ó fi fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó gbé e sókè, ó tì í bọ inú àwo. “Bí ọba kò bá lè rìn,” ó ní, “a kì í fi ẹrú rẹ̀ jọba. Ẹrú ni yóò gbé e.” Ìyán há sáàárín àwọn ìka tó ká jọ náà, òsì sì gbé ọ̀tún lọ sókè. Òkèlè àkọ́kọ́ lọ sí etí. Èkejì ṣalábàápàdé irùngbọ̀n. Ẹ̀kẹta wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú ọwọ́ mi sílẹ̀, mo kó méjèèjì sẹ́yìn, mo so wọ́n pọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ìyàwó bàbá a máa wò mí bí ọ̀dájú. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò tó ti kú yẹn ti ń mira díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Olùyẹ̀wò dé, obìnrin sàràkí tó lo awò ojú, òun gan-an ni wọ́n ní ó kọ òfin kìíní náà síwèé. Ó jókòó, ó mú bírò. Bàbá ní bísímílà. Òkèlè kan lọ, méjì lọ. Ẹ̀kẹta já bọ́ láàárín ọ̀nà, ó balẹ̀ sórí itan rẹ̀. Bàbá wò ó. Ó tì í, ó yọ̀. Òógùn bọ́ sí mi lójú, ọwọ́ mi ń fà bí ajá tó rí eegun, mo fi èyí di ìyẹn mú lẹ́yìn, mo rántí àdá, mo rántí koríko. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àga dún gbàgà. Olùyẹ̀wò ti fò dìde, bírò ti já bọ́, ó ti kúnlẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá mi! Ẹ jẹ́ n bá yín mú un.” Ó mú òkèlè náà, ó gbé e dé ẹnu bàbá.

Bàbá pa ẹnu dé.

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi,” ni ó wá sọ. “Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Ṣé ẹ rí ọmọkùnrin tó dúró lẹ́yìn yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ kó tó lè kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ lọ dúró tì í.”

Olùyẹ̀wò dá òkèlè padà sórí itan bàbá. Ó wá dúró tì mí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àwa méjèèjì ń wo bàbá títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, tí àwo náà fi ṣófo. Mo gbọ́ tí obìnrin náà ń fa imú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀gá wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “O yege. Olùyẹ̀wò ló féèlì, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo ti gbìyànjú.

Bàbá padà sílé. Ọdún náà kò tíì yí po tí ìyàwó rẹ̀ fi gbé fìlà kan wá fún mi, ó ní bàbá ló rán an, òsì ló ń gbé ọ̀tún kiri títí abẹ́rẹ́ fi gba inú aṣọ kọjá. Apá kan fìlà náà ga, apá kejì rẹlẹ̀. Òun ni mo máa ń dé lọ síbi gbogbo tó bá ṣe pàtàkì lójú mi, irun mi sì ti funfun lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Kò sí ibi tí mo dé tí ọmọlúàbí kan kì í dìde, tí kì í na ọwọ́ sí orí mi, pé, “Ẹ jẹ́ n bá yín tún fìlà ṣe, ó ti wọ́.” Èmi a sì yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ ṣeun,” mo máa ń dáhùn. “Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rán an kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́.”