Ìtàn Barbà Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Ìṣirò

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ wá wo bí àwọn ọmọ kíláàsì kejì ṣe ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ìṣirò, gbogbo kíláàsì pátá ló gba òdo. Tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Ó-Ku-Díẹ̀, olùkọ́ ìṣirò wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún, bí ọmọ bá gba ìṣirò, á pàtẹ́wọ́ fún un. Bó bá kùnà, á ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ta ni ò mọ èyí tí ọmọdé máa yàn?

"Méjì àti méjì jẹ́ mélòó?" alábẹ̀wò bi ọmọbìnrin kan.

"Mọ́kànlá, mà." Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ké, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ wọn náà ń fọwọ́ bo ẹnu.

Alábẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, tí wọ́n bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, a máa kó ẹ̀rọ yìí fún ilé-ẹ̀kọ́ míì."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá wọra. Ó ti jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì títí ó fi sú u, ẹ̀rọ yìí ló sì kọ́kọ́ mú kí ọmọ sáré wọ kíláàsì ìṣirò.

Ìdí tá a fi sọ ọ́ ní Ó-Ku-Díẹ̀ ni pé aago á lù, ebi á máa pa gbogbo wa nínú yàrá olùkọ́, òun á ṣì máa sọ ìtàn, á ní ó ku díẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo náà ni: àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ barbà fá orí oníbàárà dé ìdajì, ìjà dé láàárín wọn, onítọ̀hún bá gbé àbọ̀ orí náà jáde sígboro.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ti gbọ́ ọ," olórí ilé-ẹ̀kọ́ á ní. "Ó ti rẹ̀ wá."

"Màmá, ẹ ò tíì gbọ́ tòní."

Nígbà tí alábẹ̀wò lọ tán, bàbá yọ ohùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrò, ó fi ohùn ara rẹ̀ ka ìtàn náà sínú ẹ̀rọ ní ẹyọ-ẹyọ. Ọmọ tó bá gba ìṣirò kan á gbọ́ ẹyọ kan. Ẹni tó bá kùnà, bàbá á mí kanlẹ̀: "Áà! Tún un ṣe, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ kan fi wá fẹjọ́ sùn. "Ọmọ mi ò jẹun mọ́, Bàbá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn rí fìlà rà."

"Ẹ ní kó yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú mẹ́rìnlélógún."

Ìdánwò ku dẹ̀dẹ̀ nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìtàn inú ẹ̀rọ dúró síbi tí ọkùnrin tí wọ́n fá orí ẹ̀ dé ìdajì padà dé ẹnu ọ̀nà barbà. Àwọn ọmọ ń gba ìṣirò, ẹ̀rọ ò fọhùn. Wọ́n bá gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí la fẹ́ máa ṣe é fún?"

Ta ló mọ ìyókù? Olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà ti sú látọjọ́ yìí ni. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ: "Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó. Barbà gbọn aṣọ, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì fá èyí tó kù." Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn ọmọ yege, ẹ̀rọ ò lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ọmọ kan wọ ọ́fíìsì.

"Mà, kí ló dé tí ohùn yín ń gbọ̀n nínú ìtàn yẹn?"

"Ó rẹ̀ mí ni." Màmá wo ọmọ náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Àárò bàbá yẹn ló ń sọ mí."