Àwọn Okùn Funfun Inú Ọpọlọ

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n yín o. Ọpọlọ màálù ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án. Wọ́n ní dókítà sọ pé ọtí ti jẹ tiwọn, àwọn sì fẹ́ fi dí i."

Alápatà ni ẹ̀gbọ́n mi ní ibi ìpẹran Oko Ọba, láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Paraga, ògógóró tí wọ́n rẹ egbòogi sí, ló sọ ọ́ di ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọjọ́ tó fi ọ̀bẹ ya àtàǹpàkò ara rẹ̀ ni alága àwọn alápatà gba ọ̀bẹ náà. Alápatà tí wọ́n bá gba ọ̀bẹ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó wá ra ẹran.

Nítorí ọtí náà, ọsibítù la gbé e lọ. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, dókítà fi àwòrán inú orí rẹ̀ hàn án. Ó ní àwọn okùn funfun tín-ín-rín ló so apá kan ọpọlọ mọ́ èkejì, àwọn ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Èyí tó ń mú "ó tó" bọ̀ láti iwájú orí ni ọtí ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ọ̀nà tí "fún mi sí i" ń gbà ló wá fẹjú. Bó bá ti gbọ́ ìró ìgò báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti lọ kí làákàyè tó dé.

Mo bá lọ sílé wọn.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹni tó bá jẹ ẹsẹ̀ màálù á máa sáré bíi màálù ni?"

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún! Ìwọ tó ò mọ bọ̀kọ̀tọ̀ yàtọ̀ sí pọ̀nmọ́."

Ló bá gbé ọpọlọ kan sórí pákó, ó fi ọ̀bẹ ìdáná là á sí méjì. Odindi ni wọ́n máa ń tà á, wọn kì í là á. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú. Inú rẹ̀ funfun báláú, ó tò tẹ̀léra bí òwú orí òfì, ó ń wọnú ara wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn.

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta nǹkan yìí," ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Màálù lásán-làsàn ló ní gbogbo eléyìí?"

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní jíjẹ ọpọlọ kò lè dí nǹkan kan. Kó má mutí ni. Bí kò bá mu ún, àwọn okùn náà á máa tún ara wọn ṣe díẹ̀díẹ̀, bó bá ń sùn pàápàá, wọn ò ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀ sípò, ọ̀nà "fún mi sí i" kì í sì í dí tán. Mo wá ń bi ara mi léèrè. Ta ló rán wọn níṣẹ́ nínú òkùnkùn inú orí yẹn?

Oṣù karùn-ún rèé tí kò fi ọtí kan ẹnu. Ẹ̀yìn rélùwéè ló ń gbà kó má baà kọjá níwájú ìsọ̀ paraga. Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ó lọ bẹ alága kó dá ọ̀bẹ òun padà, mo sì tẹ̀ lé e. Alága ní kó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró ṣinṣin.

"Ọwọ́ dáa. Orí ńkọ́? Mi ò lè la orí ẹ wò."

Àṣà wọn ni pé ìbátan alápatà ló gbọ́dọ̀ mú ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́, kó sì ṣe onídùúró rẹ̀: bí alápatà náà bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ọrùn onídùúró ni. Alága gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ síwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ojú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó mú ọ̀bẹ náà fún un?