Ọwọ́ Òsì Lórí Síléètì

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, tíṣà sì ni bàbá mi. Ẹni tó bá mọ àwọn tíṣà Èkìtì ti mọ ìyókù. Rúlà ni bàbá mi fi ń nà mí níka títí mo fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Àwòrán nìkan ni ọ̀tún mi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní yà. Mo wá ń fi òsì yà á ní kọ̀rọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi á sì máa gbá tàdáwà tútù káàkiri pépà bí ẹni ń nulẹ̀. Inú máa ń bí mi débi pé mo máa ń fa iṣẹ́ ọwọ́ mi ya.

Nígbà tí Adó di olú-ìlú ìpínlẹ̀, mo ríṣẹ́ ìwé dídì sí ilé ìtẹ̀wé kan ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọ̀gá mi obìnrin ra pátákó kan tí wọ́n fi ń yàwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Síléètì la máa ń pè é. Èèyàn á fi kálàmù rẹ̀ fa ìlà lórí pátákó, ìlà á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí tàdáwà tí ọwọ́ lè gbá kiri. Mo ní, ẹ̀hẹ̀n, ó bọ́ sí i!

Àṣé ojú ò gbọdọ̀ wo ọwọ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ya fèrèsé sórí òrùlé. Mo fi aṣọ bo ọwọ́ mi kí n má baà wò ó, mo ṣáà ń yà á lọ. Mi ò gbà fún un.

Ni ìjọ bàbá mi bá gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wá. Wọ́n fẹ́ àwòrán ilé ìsìn wọn àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti wó, fọ́tò rẹ̀ sì ti ṣá. Bàbá mi ni yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá mi ní bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, èmi ni n ó máa ya gbogbo àwòrán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n padà sídìí ìwé dídì. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀tún mú kálàmù tí bàbá mi bá dé. Mo ní rárá.

Bàbá gun ọ̀kadà wá láti àdúgbò Òkè-Ìlá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo padà sórí àga, mo fi òsì mú kálàmù.  Wọ́n fa bẹ́ǹṣì, wọ́n jókòó. Mo fa òrùlé, mo fa ilẹ̀kùn, ìlà kankan ò gbọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n ní ilé ìsìn náà nìyẹn lóòótọ́, àwọn tiẹ̀ rí ibi tó máa ń jò. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nígbà tí mo ń nà ẹ́ yẹn, ṣé ó máa ń dùn ẹ́?"

Mo lè sọ pé ó ti tán lọ́kàn mi. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dùn mí gan-an, Bàbá."

Wọ́n mirí. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá mi, wọ́n ní ìjọ ti gbà á, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọwọ́ ọmọ àwọn lẹ́nu.