Onímáàpù àti Ilẹ̀ Abẹ́ Igi

Onímáàpù là ń pè é ní ọ́fíìsì ilẹ̀ wa. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ náà, mi ò sì fi ìfẹ́ sọ ọ́. Awọnlẹ̀ ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé ṣéènì àti ọ̀pá ìwọnlẹ̀ kiri inú oòrùn, títí orúnkún mi fi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì rẹ̀, tí wọ́n ní kí èmi lọ máa to fáìlì, inú bí mi gan-an. Ọdún mọ́kànlá la fi kọjú síra wa nínú yàrá kan, pẹ̀lú fèrèsé kan ṣoṣo àti fáànù tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ.

Ọmọ opó ni. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ fífọ̀ rán an níwèé, ó sì mọ ìwé náà dunjú. Á kó gíga ilẹ̀, irú iyẹ̀pẹ̀, gọ́tà àti ilé sínú kọ̀ǹpútà, á wá rọ òjò sí i, òjò tí kì í tutù. Á máa wo ibi tí omi ń gbà, ilé tó máa wọ̀, ọ̀nà tó máa gé. Ohun tó bá rí ni àwọn ọ̀gá fi ń pinnu ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí àti ibi tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún koríko.

Ọdún méjì léraléra ni odò wọ àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé bàbá arúgbó kan lọ. Ìjọba ní kí wọ́n kó ogójì ìdílé kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ní kí Onímáàpù wá ibi tí wọn yóò kó lọ. Ó rọ òjò rẹ̀ sórí ilẹ̀ méje tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí. Ó ní ilẹ̀ abẹ́ igi, tí igi gíga bò lẹ́yìn ìlú, ló ga jù. Àwọn ọ̀gá buwọ́ lù ú.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Onímáàpù pè wọ́n jọ síwájú ilé ìyá rẹ̀, ó fi àwòrán náà hàn wọ́n. Ọkùnrin télọ̀ kan kọjú sí màmá.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí. Kí lẹ rí sí i?"

Màmá wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Ọmọ mi ti sọ̀rọ̀," ó ní. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, wọ́n lọ di tiwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa kó. Wọ́n ti gé àwọn igi náà, àwòrán tuntun sì ti dé láti ojú sánmà kí Onímáàpù lè pín ilẹ̀ náà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá, òkè yẹn ti lọ."

"Òkè kì í rìn," mo dá a lóhùn.

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ilẹ̀ abẹ́ igi ti fi mítà méjìlá wálẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán láti ojú sánmà kò rí ilẹ̀ nígbà tí igi ṣì wà; orí ewé ló wọ̀n. Onímáàpù mọ̀ pé ó yẹ kí òun yọ gíga igi kúrò. Ó ti yọ ọ́ lára ilẹ̀ mẹ́fà, ó wá gbàgbé ìkeje, torí ìkánjú kí ìyá rẹ̀ má tún sun inú omi.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi, mo mú ìwé ìwọnlẹ̀ mi àtijọ́ jáde. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara mi ló wà níbẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn: "Ilẹ̀ abẹ́ igi. Àbàtà ni. Omi ń dúró."

"Ìwé yìí wà lọ́dọ̀ yín, Bàbá?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Bí ó ti jáde lẹ́nu mi ni ojú tì mí. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Àgbà tó rí i, tó panu mọ́ torí ìbínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ńkọ́? Ó ṣì ń dùn mí di òní.

A jọ lọ sọ́dọ̀ màmá. Ó jókòó sórí ẹrù tó ti dì, ògiri yàrá ti ṣófo, ilà tí omi fi sí i nìkan ló kù. Onímáàpù kúnlẹ̀.

"Màmá, mo ṣe àṣìṣe. Ẹ má kó lọ mọ́. Omi máa ń dúró níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Kí omi ẹ̀rọ tó dé, abẹ́ igi yẹn la ti ń fọṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti fọ aṣọ tí mo fi ra àpò ìwé rẹ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Màmá?"

"Ìwọ lo ní ó gbẹ. Mo ní bóyá ojú mi ló ń purọ́ fún mi."

Onímáàpù gbórí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó nu ojú, ó lọ kan ilẹ̀kùn télọ̀, àkọ́kọ́ nínú àwọn ìdílé tó kù tó máa sọ fún. Mo gbé ìwé mi dání, mo tẹ̀lé e.