Àǹtí Níbo-ló-wà àti Màlúù Etí Odò

Níbo-ló-wà ni àwọn òṣìṣẹ́ oko ń pe àbúrò ìyá mi lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú. Ìbéèrè tó fi ń jí láràárọ̀ náà nìyẹn. Níbo ni àkàbà wà? Níbo ni ẹ̀rọ tó ń fa omi wà? Ta ló gbé bárò kúrò lẹ́yìn ilé adìẹ?

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Oko wọn tóbi, ó lọ títí dé etí odò, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó lè gbé katakata sábẹ́ igi kan kó wá fi gbogbo ọ̀sán wá a lábẹ́ igi mìíràn. "Ibí yìí ni mo gbé e sí," á máa nawọ́ sí koríko lásán. Àǹtí mi á rẹ́rìn-ín, á bá a wá a. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó sì gba ètò kan sórí rẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ó ya àwòrán pápá kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, ó kọ gbogbo ohun ìní oko sí i, àti ẹran àti irin. Ẹni tó bá gbé nǹkan, kó tẹ ibi tó gbé e lọ sórí fóònù rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ gbẹ̀yìn ni ètò náà á fi hàn pé nǹkan ọ̀hún wà.

Gbogbo wọn gbà, àfi àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń tọ́jú màlúù. Bàbá Màlúù ni àǹtí mi ń pè é.

"Ìyàwó wa, ìka mi ti tóbi jù," ni Bàbá Màlúù wí. "Tí mo bá tẹ màlúù, adìẹ ló ń jáde."

"Ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́."

"Màlúù mọ ibi tó wà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ta ló tún kù?"

"Èmi ni mo kù," ni àǹtí mi dáhùn, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún tí òjò pọ̀, odò kún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ń ya wọ oko. Ọkọ àǹtí mi ti lọ ra oúnjẹ ẹran nígboro. Àǹtí mi ṣí kọ̀ǹpútà. Màlúù funfun tó lóyún sínú, tó ti sún mọ́ àtibí, ni ó rí nínú pápá etí odò. Ó pe Bàbá Màlúù, fóònù kò wọlé. Ló bá wọ bàtà òjò, ó mú okùn, ó sáré lọ.

Omi mu ún dé orúnkún, ó mu ún dé ìbàdí. Ó di òpó ọgbà mú, ó ń pe màlúù bí ẹni ń pe ọmọ. Ohùn yẹn ni Bàbá Màlúù gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó kó sómi, ó gbá okùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jáde.

"Kí lò ń wá níbí?"

"Màlúù yín!"

"Màlúù wo? Mo ti dà á lọ sílé ẹran lórí òkè láti àárọ̀!"

Eyín àǹtí mi ń gbá ara wọn fún òtútù. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní: "Ẹ ò kọ ọ́."

Kò pariwo. Ì bá tu Bàbá Màlúù lára ká ní ó pariwo. Bàbá Màlúù gbé omi kaná fún un, ó bu ú sínú abọ́ kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú fìlà tútù lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ìwọ ni odò ì bá gbé lọ yẹn o," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mú fóònù wá. Kọ́ mi."

Ó tẹ màlúù. Adìẹ jáde lóòótọ́. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù nínú abọ́.

Láti ọjọ́ náà, apá ò ká Bàbá Màlúù mọ́. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó kọ ọ́. Ó fi fìlà kọ́ ìṣó, ó kọ ọ́. Ọkọ àǹtí mi ní kí wọ́n pa àwọn ìyẹn rẹ́, àǹtí mi kọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ara ìyá ìyá mi kò yá, àǹtí mi sì lọ tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀ á ṣí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á ka ohun tí wọ́n kọ láti oko fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kà pé: "Màlúù funfun, ilé òkè. Ó ti bí. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abo ni. Ẹwà rẹ̀ kọjá sísọ."

"Tún un kà," ni màmá àgbà wí.

Láti ìgbà yẹn, bó bá ti jí ló ń bèèrè bóyá ọmọ màlúù ti jáde sí pápá. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó ní òun fẹ́ rí i. Kò dé oko náà rí, ṣùgbọ́n bó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ, ó yà níbi táńkì omi, ó gba ọ̀nà òkè lọ tààrà, bí wọ́n ṣe ń kà á fún un láràárọ̀. Àwa la ń tẹ̀ lé e.

Bàbá Màlúù dìde láàárín koríko gbígbẹ.

"Ìwọ lò ń kọ ọ́?" ni màmá àgbà bi í.

"Èmi ni, Màmá."

"O ṣé o. Ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ mi."

Bàbá Màlúù nu àpótí kan fún un kó jókòó. Ọmọ màlúù náà sún mọ́ wọn, ó ń gbóòórùn ọ̀pá màmá àgbà.