Iyọ̀ Òkun fún Ohùn Tó Há

Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnìkan ń fi omi fọ ọ̀fun, obìnrin tó máa ń dúró tì mí nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní Iyana Iyesi ni mo máa ń rántí. Iyọ̀ òkun oníhóró kì í tán nínú báàgì rẹ̀. Yóò pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò gbé orí sẹ́yìn, omi á máa hó lọ́fun rẹ̀, á sì tu ú dànù.

"Ilé ohùn ni ọ̀fun," ló máa ń wí. "Ẹ jẹ́ ká máa gbá a."

Ọdún mẹ́fà ni mo fi dá orin ìkórè kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi fún un. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn. Lọ́sẹ̀ ìkórè gan-an, eruku páálí níbi iṣẹ́ mi ní Sango mú kí ohùn mi há. Ó gbé iyọ̀ wá bá mi nílé.

"Sista, ẹ fi fọ ọ̀fun láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má gbé e mì o."

"Ẹ ṣé," ni mo wí. Bó ṣe jáde, mo dà á sínú ẹ̀wà tó wà lórí iná.

Lọ́jọ́ ìkórè, ohùn rẹ̀ já gaara. Mo lanu láti gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Gbogbo ìjọ ń sunkún ayọ̀. Èmi náà sunkún. Wọ́n rò pé orin ló wọ̀ mí lára.