Ojúlówó Tìróò Hàjàrá

Hàjàrá yọ ahọ́n díẹ̀. Ó fi orí igi tìróò kàn án, ìgbà kan péré, ó tì í bọ inú ìgò, ó yí i. Nígbà tó fà á jáde, dúdú rẹ̀ ń dán. Ó tún fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó pa eyín iwájú dé, ó rọra lọ wọ́n mọ́ra. Kò sí iyanrìn. Ó ti kúná.

Báyìí ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ní abúlé wọn lẹ́yìn Akanran. Òkúta dídán láti Sábó. Ọlọ tí a kì í fi lọ ata. Ìborùn àtijọ́ tí a fi ń sẹ́ ẹ. Ogójì ọdún. Kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ nínú agbo ilé náà tí kì í ṣe Hàjàrá ló lé tìróò fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Tiwaladé wá láti yàrá àyẹ̀wò kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ń gba tìróò jọ kiri abúlé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òjé wà nínú rẹ̀.

"Tiyín dà, ìyá?"

Hàjàrá gbé méjì síwájú rẹ̀: ìgò tirẹ̀, àti ike tìróò kan tí wọ́n rà lọ́jà Olódò. "Èédú ni ti inú ike yẹn. Lọ yẹ méjèèjì wò, kó o wá sọ fáyé pé ojúlówó ni tèmi. Kó o sì tètè dé. Ìkúnlẹ̀ Muhsinah ìyàwó ọmọ mi ti sún mọ́lé."

Muhsinah bí obìnrin. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Tiwaladé padà dé.

"Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Èédú ni ti inú ike. A ò rí òjé níbẹ̀."

"Ṣé o rí i? Tèmi ńkọ́?"

Tiwaladé wolẹ̀. "Òkúta tiyín, òjé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó po nǹkan kan mọ́ ọn. Bó ṣe jẹ́ ojúlówó tó nìyẹn. Ọmọdé á fọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ó lè ba ọpọlọ jẹ́."

Hàjàrá yíjú síta. Ammar, àkọ́bí Muhsinah, ń ti táyà kan kọjá lágbàlá. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀.

"Ṣé òun ló ṣe é?"

"N ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ìyá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

"Èmi náà ń tọ́ ọ wò," ni Hàjàrá sọ. "Ojoojúmọ́."

Láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, Muhsinah gbé ọmọ náà tọ̀ ọ́ wá, ó gbé ojú rẹ̀ sókè bí wọ́n ti ń ṣe. Àwọn obìnrin ilé dúró yí wọn ká. Ọwọ́ Hàjàrá ṣófo.

Fàtímọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Hàjàrá, ṣé ó tán ni, àbí ahun lò ń ṣe sí ọmọ-ọmọ ẹ?"

"Kò tán. Òjé ni, Fàtímọ̀. Òjé ni mo ti ń lọ̀ láti ogójì ọdún, tí mo ń lé e sójú ọmọ yín."

Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Zubaidah ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, Hàjàrá fúnra rẹ̀ ló di Ammar mú nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀. Kò lọ tìróò mọ́. Wọn ò sì lé e fún ọmọ kankan mọ́ nínú agbo ilé náà.